Ta Ni JavaScript Tó Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà?

Nílé wa ní Ìgandò, ẹni yòówù kó wọlé, omi ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìbáà jẹ́ onílé tó wá bínú, ìbáà jẹ́ ẹni tó ṣi ilé wọ̀, Màámi á ní, "Ẹ jókòó ná," èmi á sì ti sáré lọ sídìí kúlà. Ìgbà tí àlejò bá mumi tán la tó lè béèrè pé, "Ṣé kò sí o?" Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, mo ń bi bàbá arúgbó kan pé ta ni wọ́n ń wá. Màámi ti ẹ̀yìn dé, wọ́n gbá mi lórí. Wọ́n ní ṣé ọlọ́pàá ni mí ni, àbí aṣọ́bodè. Ọ̀rọ̀ omi yìí kò kúrò lórí mi mọ́ látọjọ́ náà, òun ni mo sì fi ń ṣèdájọ́ ohun púpọ̀ tí kò kan omi rárá.

Iṣẹ́ tí mo ṣe pẹ́ jù láyé mi ni iṣẹ́ kàfé, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta àkókò íńtánẹ́ẹ̀tì fáwọn èèyàn kí fóònù tó di ọlọ́gbọ́n. Ìkọ̀tún ni tiwa wà, lókè ilé alájà kan tí wọ́n ti ń ta páànù nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ń ju páànù sílẹ̀ látinú ọkọ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà wa á máa gbọ̀n. Okùn íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń wọlé fún wa, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé á sì máa du ú bí àwọn ọmọ ṣe ń du ẹran inú abọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wo èsì ìdánwò wà níbẹ̀, ẹni tó ti Ìjẹ̀gùn wá nítorí iṣẹ́ tó ń wá wà níbẹ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò wà níbẹ̀, ó ń dúró de lẹ́tà. Aago tí a fi ń ka àkókò wọn kò sì mọ̀ bóyá ojú ewé ti ṣí tàbí kò tíì ṣí, ó ń kà lọ ni tirẹ̀.

Ọ̀gá wa kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé, màá wọ inú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, màá pa àwòrán, màá sì pa JavaScript. JavaScript ni àwọn àṣẹ tí ojú ewé máa ń gbé dání wá, tó máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni pé kí òdòdó máa já bọ́, kí àpótí ṣí, kí nǹkan máa yí. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ pọ̀, inú okùn wa tó tín-ín-rín yẹn ló sì fẹ́ gbà kọjá. Tí mo bá ti pa á, àwọn ojú ewé kan á yára wọlé bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ á wà níbẹ̀, èèyàn á kà á, á tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀, á lọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n á wá funfun báláú, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìlà kan ṣoṣo pé àwọn kò lè ṣí láìsí JavaScript. Irú wọn ni mo máa ń bú. Màá ní, "Ẹ wò ó, kò bu omi!" Àwọn oníbàárà rò pé orí mi kò pé ni.

Ẹni tí mo máa ń bá jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Àwa méjì náà ni Màámi ní, bàbá wa sì ti lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ìlú òtútù, ó fẹ́yàwó síbẹ̀, iṣẹ́ kíkọ́ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Tó bá pè, tí Màámi bá ti ṣàdúrà fún un tán, á ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi, ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn jàre. Kò sẹ́ni tí kò ní JavaScript mọ́."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá sí Ìkọ̀tún, màá fi wọ́n hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Á bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀ yẹn ju gbogbo bàtà tó ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ̀.

Ọdún pọ̀ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fi wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Màámi kò bi wọ́n léèrè rí. Wọ́n kàn máa ń pẹ́ lórí ẹní ìkírun ju bó ṣe yẹ lọ ni. Nígbà tí ìpè wá wọlé pé ìyàwó ti bí obìnrin, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Màámi wà, wọ́n ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé kan. Wọ́n dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi," wọ́n bú sẹ́kún, yunifọ́ọ̀mù alápá kan náà sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń nu ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ Màámi lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún wọn lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dọ́kàn. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun kò ní fi ìkómọ sọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó kọ́ ojú ewé kan. Gbogbo mọ̀lẹ́bí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Abúlé Ẹ̀gbá, á kọ orúkọ tí wọ́n fún ọmọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú ewé náà á pa gbogbo rẹ̀ mọ́, òun tó kọ́ ọ gan-an kò ní lè kà á, ó di ọjọ́ kẹjọ kó tó ṣí. Aáfáà ọ̀dọ̀ wọn á wá máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ti Màámi ni yóò ṣáájú.

Ohun tí Màámi fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pípa mọ́ yẹn. Tó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, ẹnu wọn kò ṣeé là. Mo ní, "Màámi, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n bá yín tẹ̀ ẹ́." Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ra sí títì. Wọ́n ní orúkọ kì í jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìwé mẹ́fà làwọn kà, àwọn á tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn.

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni Màámi ń lò. Ó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì o, wọ́n máa ń fi wo àkókò ìrun. Wọ́n mú un lọ sójú fèrèsé, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń ṣàánú wa, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbójú sókè.

"Gbọ́ ná, ta ni JavaScript?"

Mo ní, "Ẹ̀n?"

"Wọ́n ní kò lè ṣí láìsí JavaScript. Ṣé ará ilé ìyàwó ni? Kò burú o, ṣebí àwọn náà ló bí ìyàwó. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá ọkọ. Kí ló dé tí wọ́n fi òun ṣáájú mi?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Màámi kò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nídìí ìkómọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, wọ́n sì ti gbà pé àna kan tí wọn kò mọ̀ rí ti gba ipò wọn. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé.

Wọ́n ní, "Ó dáa, kì í ṣe èèyàn. Kí ló wá ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà?"



Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n bá mi lọ sí kàfé. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń kírun Jímọ̀, wọ́n wé gèlè, a gun kẹ̀kẹ́ láti Ìgandò, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni a sì kí tán kí a tó dé Ìkọ̀tún. Mo fi wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo tan JavaScript fún ìyẹn nìkan. Ojú ewé náà pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó rẹwà. Òdòdó ń já bọ́ wẹ́wẹ́, àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó ń yọ díẹ̀díẹ̀. Màámi na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ náà lórí gíláàsì. Èmi kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán o. Nǹkan kan ń yí."

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kó yí. Ó ń yí, ó ń yí, wọ́n sì mú iná lọ. Kí á tó tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ti pòórá, òdòdó, àtẹ́lẹsẹ̀, orúkọ.

"Ṣé ó lọ àbí kò lọ?"

"Màámi, mi ò mọ̀."

Mo ní ká tún un tẹ̀. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní orúkọ ọmọ kì í ṣe páànù tí wọ́n á máa jù sílẹ̀ ní àjùtúnjù. Wọ́n dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé, a gun kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn kò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gèlè lórí. Mo gbé oúnjẹ wá, wọn kò ṣí i. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ẹnì kan wà láàárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ."

N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Inú Màámi dùn sí i débi pé kó tó di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti ń pe orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ létí àwọn aládùúgbò, gbogbo agboolé ti ń fi kí wọn. Ọmọ náà kò dúró de ọjọ́ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹnu mi kọ́ ló pa á. Aáfáà sọ fún mi, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n látìgbà yẹn, mi ò jẹ́ kí orúkọ ọmọ jáde lẹ́nu mi kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Èyí tí mo wá tẹ̀ láàárọ̀ yìí, mi ò mọ ibi tó wà. Ó lè wà níta báyìí, kí gbogbo ayé máa wò ó."

Mo gbá wọn mọ́ra. A kì í ṣe onígbámọ́ra nílé wa, a sì tètè jura wa sílẹ̀.

Mo bọ́ síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Inú máa ń bí mi kíá, gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ojú ewé yín kò gba Màámi wọlé."

"Fóònù wo ni wọ́n ń lò? Àbúrò mi, mo ti sọ fún ẹ, nobody ló ń lo irú fóònù yẹn mọ́ jàre."

"Màámi ni nobody yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n kúkú sọ ọ́ tán.

"Tí ìyá àgbà bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n padà lọ pààrọ̀ bàtà kí wọ́n tó wọlé ni? Ẹ bu omi fún wọn ná! Tí wọ́n bá ti jókòó, kí ẹ wá máa da òdòdó yín lé wọn lórí. Àpótí kan àti bọ́tìnì kan péré la bẹ̀ yín."

Mo wá sọ fún un nípa ọmọ tó wà láàárín wa.

Ó ní, "Mo rántí ìkókó kan. Mo máa ń rò pé ìwọ ni."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ẹnu géètì, omi ń bọ́ lójú mi, ọlọ́kadà kan sì dúró, ó ń bi mí bóyá mò ń lọ. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ nǹkan. Ó ní òun kò lè ka orúkọ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òun lè rí i bóyá ohunkóhun wọlé láti Ìkọ̀tún láàárọ̀. Kò sí. Ó ní ohun tí Màámi tẹ̀ kò kúrò nínú kọ̀ǹpútà yẹn rárá, ibẹ̀ náà ló parẹ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo sáré wọlé lọ sọ fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú gèlè, wọ́n sì ní oúnjẹ mi ti tutù.

Mo ti gbọ́ tẹnu àwọn tó ń kọ́ ojú ewé. Wọ́n ní kí àwọn tún máa kọ́ ojú ewé tí kò nílò JavaScript, iṣẹ́ méjì ló máa ń dà, wọ́n sì ní àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé ṣe láìsí JavaScript. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbá géèmù, kó lọ máa gbá géèmù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti fẹ́ ka ọ̀rọ̀, tàbí tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ kó máa lọ, n kò rí ìdí tí a ó fi máa bi í léèrè ohun tó fi wá. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun bi mí, ohun kan náà ni màá sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jiyàn mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tú ojú ewé náà, ó tún un kọ́, ó sì ní kí Màámi dán an wò. Màámi lọ sójú fèrèsé. Wọn kò tíì wọ awò ojú wọn tán tó fi ṣí. Ó funfun, kò sí òdòdó, àwòrán kò sí, àpótí kan, bọ́tìnì kan, àti ìlà kan lókè pé "Ẹ káàbọ̀." Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lágbára, òdòdó á wá bá a níbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jókòó. Màámi kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n tẹ̀, wọ́n tẹ̀, wọ́n rán an. Ojú ewé dá wọn lóhùn pé, "Ó ti dé ọwọ́ wa. Ẹ ṣé."

Màámi sọ fún fóònù náà pé, "Kò tọ́pẹ́."

Lọ́jọ́ kẹjọ, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá onílé wa wá jókòó, àwọn ayálégbé méjì wá jókòó, mo bu omi fún gbogbo wọn. Fóònù tèmi la gbé sórí tábìlì, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè. A gbọ́ ẹkún ọmọ náà, Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohùn bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé. A gbọ́ aáfáà tó ń ṣàdúrà. Ó kí wa pé àwa ará ilé, ẹ kú oríire.

Ó ní, "Orúkọ àkọ́kọ́, láti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ọmọ..."

Fóònù já.

Gbogbo wa pariwo. Ìyá onílé wa ṣépè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì tún tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nítorí ọjọ́ dáadáa ni. Mo pè, kò wọlé. Mo tún pè. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn náà ló tún ń padà bọ̀ lójú mi. N kò fẹ́ wo ojú Màámi.

Nígbà tí mo máa wò, wọn kò sí lórí àga mọ́. Wọ́n ti wà lójú fèrèsé pẹ̀lú fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn, awò ojú wọn wà ní imú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣí, bí ilẹ̀kùn ilé ẹni. Àwọn orúkọ ti jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò wọ́n, mo rí i pé ètè Màámi ń mì, wọ́n ń kà á sínú.

Wọ́n yíjú padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò kọ ẹ̀yìn sí mi. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n pe orúkọ ọmọ náà ketekete, wọ́n pe ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e, ohùn wọn sì kún inú pálọ̀ dé ojúde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ. N kò ní kọ ọ́ síbí, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti dàgbà báyìí, tirẹ̀ ni. Ìyá onílé pè é tẹ̀lé wọn, àwọn ayálégbé pè é, èmi náà pè é, a ní àmín, àmín.

Màámi nu ojú wọn. Wọ́n wo ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n wò mí níbi tí mo dúró sí.

Wọ́n ní, "Kí lo ń wò? Àlejò wa ti dé. Lọ bu omi wá."

Mo sáré lọ sídìí kúlà.